Gíramafóònù àtijọ́ tó bàjẹ́: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí, àti ìdáhùn mi

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé. Láti ìgbà tí àwọn ará àdúgbò ti gbọ́ pé gíramafóònù bàbá wa àgbà tún ti ń kọrin ni àwọn èèyàn ti ń fi fọ́tò tiwọn ránṣẹ́ sí mi: èyí tí wọ́n bá lórí àjà, èyí tí adìyẹ ń yé sínú rẹ̀, èyí tí ọwọ́ ìyí rẹ̀ ti sọnù. Ìbéèrè wọn jọra, ni mo ṣe kó wọn jọ síbí. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ ráyè kà, ẹ ka àkọ́kọ́.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gíramafóònù bàbá wa lórí àjà. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí i.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ á ti máa yún yín. Ohun tí gbogbo wa kọ́kọ́ ń ṣe náà nìyẹn: a ó nu eruku orí rẹ̀, a ó ki ọwọ́ ìyí bọ ihò, a ó sì máa yí i títí tí yóò fi le, ká lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Sípíríǹgì inú rẹ̀ ti sùn fún ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gírísì tí wọ́n fi pa á lára ti gan bí ẹ̀kọ àná. Bí ẹ bá fi tipá jí i, ó lè já. Èyí tó kàn gan, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó sì fi gírísì míì sí i. Èyí tó já, ẹ ó máa wá òmíràn kiri.

Ẹ gbé e sí ibi tó tẹ́jú, tí òòrùn kò ti ní bà á. Ẹ yọ àwo orin tó bá wà lórí rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò iwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, inú ìdérí rẹ̀, àti nọ́ńbà tó bá wà lára irin rẹ̀, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án. Ẹ yẹ igun àpótí náà wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni agolo abẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi ń kọrin máa ń fara pa mọ́ sí. Ìyẹn tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn kan ń pè é ní fonógíráfù. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Ọmọ ìyá ni wọ́n. Fonógíráfù ló ṣáájú: Thomas Edison ṣe é ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1877, ohùn náà sì wà lára ohun kan tó rí róbótó bí agolo gígùn. Emile Berliner ló mú àwo pẹlẹbẹ wá lọ́dún 1887, ó sì pe tirẹ̀ ní gíramafóònù. Àwo pẹlẹbẹ yìí ló borí. Ohun tí mo ń rí ní ilé àwọn àgbà wa níhìn-ín, gíramafóònù ni, àgàgà èyí tó ṣe é gbé lọ́wọ́ bí àpótí aṣọ. HMV 102 (HMV ni ilé-iṣẹ́ His Master's Voice), tó jáde lọ́dún 1931, ni tiwa. Ajá kan wà lára rẹ̀ tó tẹ́tí sí ẹnu ìwo. Nipper lorúkọ ajá náà, Francis Barraud ló sì yà á. Ẹ̀rọ Edison ni ajá náà kọ́kọ́ ń gbọ́ nínú àwòrán yẹn, kí ayàwòrán tó fi gíramafóònù pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1899.

Bó bá jẹ́ ti Edison gan-an lẹ ní, ẹ má fi ìka kan ara àwo róbótó rẹ̀. Ìda ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn, ọ̀rá ọwọ́ yín yóò sì fa èébu sí i lára. Ẹ ki ìka méjì bọ inú ihò rẹ̀, ẹ fẹ̀ wọ́n díẹ̀, ẹ fi gbé e.

Báwo ni irú nǹkan báyìí ṣe dé Ògbómọ̀ṣọ́?

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí. Ọmọ Ajílété kì í gbélé. Àwọn bàbá wa tajà dé Jos, wọ́n tajà dé Kumasi àti Tamale ní Gáná, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti kọ́kọ́ ní owó tí wọ́n fi ra ohun ìgbádùn. Bàbá wa àgbà ń ta aṣọ ní Tamale. Ẹni tó bá ní gíramafóònù nígbà náà, ilé rẹ̀ ni gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà nítòsí máa ń wá jókòó sí ní alẹ́, torí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ èdè ilé.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gáná pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi owó tí wọ́n tà láwìn sílẹ̀. Ìyá wa àgbà gbé gíramafóònù lé itan nínú lọ́rì, ó fi ìró méjì wé e, kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù yòókù. Ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ fọ́ lójú ọ̀nà. Gíramafóònù kò fọ́. Torí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé irin àtijọ́ lásán ni, ó máa ń dùn mí.

Ẹ̀rọ tí kò lo iná, báwo ló ṣe ń kọrin?

Ọwọ́ tí ẹ fi yí i ń ká sípíríǹgì jọ sínú agolo irin kan. Bí sípíríǹgì ti ń tú, ó ń yí jíà, jíà ń yí pẹpẹ tí àwo jókòó lé. Abẹ́rẹ́ ń rìn nínú ojú ọ̀nà tí wọ́n fín sára àwo, ó ń gbọ̀n, ìgbọ̀nrìrì yẹn sì ń lu ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó dà bí awọ ìlù nínú orí abẹ́rẹ́. Ohùn kékeré yẹn yóò gba inú apá irin tó gbé orí abẹ́rẹ́ kọjá sínú ìwo, ibẹ̀ ló ti ń di ńlá. Nínú àwọn tó dà bí àpótí, inú àpótí náà ni ìwo wà, ẹ kò kàn rí i ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó ti bàjẹ́?

Ẹ tẹ́tí sí i. Bí ẹ bá rọra yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀ péré, láì fi tipá, tí kò le rárá, tó kàn ń yí bí ẹni ń ro omi, sípíríǹgì ti já, tàbí ó ti yọ kúrò lára ìkọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ilé lè máa rántí ọjọ́ tó já, torí pé ó máa ń dún bí ìbọn. Bí ó bá ń yí, ṣùgbọ́n tó ń ṣe gbì, gbì nísàlẹ̀ bí ẹni ń gún iyán ní ilé kejì, gírísì ló gan: sípíríǹgì lẹ̀ mọ́ra, ó sì ń já kúrò lára ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dípò kó máa tú jẹ́jẹ́. Nínú gbogbo èyí tí mo ti rí, gírísì tó gan ló pọ̀ jù. Ẹni tó bá gbọ́ gbì, gbì kó má bẹ̀rù, ẹ̀rọ rẹ̀ kò tíì kú.

Bí olórin bá ń sáré tí ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ọmọdé, tàbí tó ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn, ẹ wo gọ́fánọ̀. Ọ̀pá kékeré kan ni, tí irin róbótó mẹ́ta rọ̀ mọ́ lára pẹ̀lú sípíríǹgì pẹlẹbẹ. Bí eré bá ti pọ̀, irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fò síta, wọ́n á fa páànù kékeré kan lọ gbún awọ kan, awọ náà á sì fa eré yẹn sẹ́yìn. Bí ọ̀kan nínú sípíríǹgì pẹlẹbẹ yẹn bá kán, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n. Bí awọ bá gbẹ, ẹ̀rọ á máa han goooro. Ẹ kán epo máṣíìnì ìránṣọ sí awọ náà, ẹ̀kán kan péré, ẹ sì dúró wò ó.

Ẹ lè wọn eré rẹ̀ fúnra yín. Ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan há abẹ́ etí àwo, ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé e, ẹ wá máa ka iye ìgbà tí bébà náà kọjá níwájú yín ní ìṣẹ́jú kan. Ó yẹ kó jẹ́ 78.

Ohun kan wà tí mo ń fi gbogbo ara bẹ̀ yín fún: ẹ má tú gọ́fánọ̀ nígbà tí agbára ṣì wà nínú sípíríǹgì. Gọ́fánọ̀ ló ń dì í mú. Bí ẹ bá yọ ọ́, gbogbo agbára yẹn á tú jáde lẹ́ẹ̀kan, á sì kán eyín jíà. Ẹ kọ́kọ́ tú ìdádúró rẹ̀, kó yí títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Agolo tí sípíríǹgì wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣí i rárá bí ẹ kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Sípíríǹgì náà gùn ju ìdúró àgbàlagbà lọ, etí rẹ̀ mú, bó bá sì fò jáde, ojú àti ìka ló ń wá.

Ẹ̀gbọ́n, Ọ̀yọ́ ni mo wà. Ta ni mo lè gbé e fún?

Mi ò mọ ṣọ́ọ̀bù kankan ní Àkẹ̀sán tàbí ní Sábó wa níbí tó kọ ọ́ síta pé òun ń tún gíramafóònù ṣe. Ọwọ́ tó mọ irú iṣẹ́ náà kò tíì tán ṣá. Àgbà atún-aago-ṣe, ẹni tó tún aago ògiri tí wọ́n ń yí ṣe rí, mọ ìwà sípíríǹgì. Atún-máṣíìnì-ìránṣọ-ṣe mọ epo, ó mọ ìwọ̀n, ó sì ní sùúrù. Àwọn méjèèjì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Mo bọ̀wọ̀ fún atún-rédíò-ṣe, ṣùgbọ́n iná ni iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sí iná níbí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọ̀yọ́ tún ní ohun tí àwa kò ní. Awọ kékeré tí gọ́fánọ̀ ń gbún yẹn, àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ lè gé e fún yín láti ara èérún tí wọ́n ń dà nù. Ẹ mú èyí tó ti gbẹ dání lọ kí wọ́n lè rí bó ṣe nípọn tó. Bí sípíríǹgì bá já ní ìpẹ̀kun rẹ̀ tó wà lápá òde, alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ lè gba yín lọ́wọ́ ìnáwó: kó fi iná pọ́n ìpẹ̀kun yẹn nìkan, kó jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, kó wá lu ihò tuntun sí i. Ìpẹ̀kun nìkan o. Bó bá ti gbogbo rẹ̀ bọ iná, agbára inú rẹ̀ kú nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti èmi fún yín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé tiwa jáde, mo gbé e fún oníṣẹ́ kan tó fọkàn mi balẹ̀ pé nǹkan kékeré ni. Ó rọ gírísì mọ́tò sínú rẹ̀ títí tó fi ń ṣàn sára àpótí. Apá tó gbé orí abẹ́rẹ́ ti sán díẹ̀; ó gbé e fún wẹ́dà láì bi mí. Kí n tó dé lọ́jọ́ kejì, ẹnu apá náà ti yọ́ bí ìda. Mo gbé e délé, mi ò lè sọ fún ìyá mi. Odidi ọdún méjì ni mo fi wá apá mìíràn, ọdún méjì yẹn náà ni mo sì fi kọ́ ohun tí mo ń sọ fún yín yìí.

Ohun tó fà á nìyí. Irin tó dà bíi fàdákà tí wọ́n fi ṣe apá tàbí ẹ̀yìn orí abẹ́rẹ́ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí, síńkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Síńkì ń yọ́ bí ooru bá ti dé nǹkan bíi 420 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iná wẹ́dà sì ju ìyẹn lọ fíìfíì. Òmíràn tún ní àìsàn abínibí: bí òjé bá ti wọ inú síńkì yẹn nígbà tí wọ́n ń dà á, yóò máa wú díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, yóò sì sán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jù ú lulẹ̀. Araldite ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti wú débi pé ó há mọ́ irin mìíràn, ẹ má fi òòlù kàn án.

Ẹ má fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni kí ẹ tó bi í bó ṣe máa tú agbára sípíríǹgì kó tó ṣí i. Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń bi í, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e padà. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ fún un pé kò sí wẹ́dà, kò sí gírísì mọ́tò, kò sí súpà gúlù, ohunkóhun tó bá sì yọ, kó kó o sínú ọ̀rá kó dá a padà fún yín, ìbáà jẹ́ sikuru kan.

Irú gírísì wo ló yẹ, nígbà náà?

Fún sípíríǹgì, gírísì dúdú tó ní gíráfáìtì nínú. Àwọn àgbà oníṣẹ́ máa ń po ìyẹ̀fun gíráfáìtì mọ́ fasilíìnì, ó sì ń ṣiṣẹ́. Kẹrosíìnì ni kí wọ́n fi fọ èyí tó ti gan kúrò, kí wọ́n nù ún gbẹ kí tuntun tó wọlé. Fún gọ́fánọ̀ àti etí jíà, epo máṣíìnì ìránṣọ. Díẹ̀ ló ń fẹ́. Nígbà ọyẹ́, epo tó bá pọ̀ jù á kàn máa gba eruku mọ́ra ni.

Ó ń yí dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń kùn bí oyin inú agolo.

Orí abẹ́rẹ́ ni. Ẹ fi èékánná gbún abẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ láì gbé e lé àwo. Ó yẹ kí ó dún tík, ketekete. Bí ó bá dún kúrọ́kúrọ́, ìlù inú rẹ̀ kò le dáadáa mọ́.

Onílù yóò tètè lóye èyí. Ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n fi máíkà tàbí alumíníọ́mù ṣe, gbọ́dọ̀ jókòó sáàárín rọ́bà rírọ̀ méjì, bí awọ gángan ṣe ń sinmi lórí etí igi rẹ̀. Rọ́bà náà ti le bí òkúta látìgbà yìí wá. Ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi sí fáàfù kẹ̀kẹ́ láyé àtijọ́ ni mo fi ṣe tiwa. Mo rí i lọ́dọ̀ àgbà atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan. Ẹ gé méjì, kí ẹnu wọn pàdé láì fà. Láàárín gbùngbùn máíkà, níbi tí ọ̀pá abẹ́rẹ́ ti kàn án, ìda oyin díẹ̀ ló ń dí ojú ibẹ̀. Bí ìda yẹn bá ti ṣí, á máa kùn. Ẹ̀kán ìda gbígbóná kan ti wo púpọ̀ sàn. Bí máíkà bá ti là, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣé abẹ́rẹ́ ìránṣọ lè ṣe é?

Rárá. Ìṣó kékeré náà kò lè ṣe é. Wọ́n ṣì ń ṣe abẹ́rẹ́ gíramafóònù tuntun, ó sì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú àwo kan, abẹ́rẹ́ kan. Bí ẹ bá yí àwo padà, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Irin rẹ̀ rọ̀, àwo ló ń pọ́n ọn, tó bá sì ti di ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ, yóò máa gbẹ́ orin kúrò lára àwo. Ó le létí àwa tí a kì í da nǹkan nù, mo mọ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ irin wọ́n, àwọn kan lo èyí tí wọ́n fi ọparun ṣe, tí wọ́n ń gé ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn ojú àwo kọ̀ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì ń ṣàánú àwo tó ṣì dára.

Mo ní LP, àwo ike, ti Ebenezer Obey. Ṣé mo lè fi sí i?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Orí gíramafóònù ń tẹ àwo mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ohun tó lé ní 100 gíráàmù. Gíráàmù mélòó kan péré ni LP lè gbà. Ìgbà kan ṣoṣo, ó ti run.

Àwo wa ti dọ̀tí, ó ti hu èébu. Kí la lè fi fọ̀ ọ́?

Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀ tí kò le, aṣọ rírọ̀. Ẹ máa nù ún yípo bí ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣe lọ, ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà àárín, ẹ wá fi í sí abẹ́ ibòji kó gbẹ. Ẹ má fi sípíríìtì tàbí òórùn dídùn kàn án láé. Ṣẹ́láákì ni wọ́n fi ṣe àwo 78, ìyẹn oje tí kòkòrò kan ń fi sílẹ̀ sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà, sípíríìtì sì ń yọ́ ọ. Mo ti rí àwo tí wọ́n fi sípíríìtì nù kó lè dán. Ó dán lóòótọ́, orin inú rẹ̀ ti lọ.

Ẹ to wọn ní òòró, kí wọ́n má sùn lé ara wọn. Ẹ ka ohun tó wà lára bébà kí ẹ tó fún ọmọdé ṣeré. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sí àwo ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922. Tunde King gbé jùjú sórí àwo ilé-iṣẹ́ Parlophone lọ́dún 1936, Ayinde Bakare tẹ̀ lé e pẹ̀lú HMV lọ́dún 1937. Àwo HMV tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JZ, ti ìhà ọ̀dọ̀ wa ni. Bí ẹ bá rí irú ìwọ̀nyí, ẹ má tíì fi gíramafóònù gbọ́ ọ. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ oníná tó ń sáré 78, tó sì ní abẹ́rẹ́ 78 tó fẹ̀ ju ti LP lọ, kó gbà á sórí kọ̀ǹpútà fún yín.

Wọ́n fẹ́ ta ọ̀kan fún mi, ìwo rẹ̀ tóbi, ó ń dán bíi wúrà.

Ẹ ṣọ́ra. Púpọ̀ nínú àwọn tó rí bẹ́ẹ̀ jẹ́ àkànpọ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Íńdíà: mọ́tò láti inú àpótí àtijọ́, ìwo idẹ tuntun, àwòrán ajá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá wù yín fún ẹwà pálọ̀, kò burú. Ẹ kàn má san owó ohun àtijọ́ fún un.

Èèyàn kan láti Èkó fẹ́ ra ti bàbá wa lówó gidi. Ṣé ká tà á?

Ẹ pe ẹbí jọ ná. Ogún ni, kì í ṣe tẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Tí ẹ bá bi mí, ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ ilé gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó.

Mo fẹ́ gbé e lọ sí Ìbàdàn fún àtúnṣe.

Ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Ẹ yọ ọwọ́ ìyí, ẹ yọ orí abẹ́rẹ́, ẹ fi aṣọ wé e lọ́tọ̀, ẹ so apá mọ́lẹ̀, ẹ yọ pẹpẹ bó bá yọ wọ́ọ́rọ́. Àwo kankan kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìdérí. Orí itan ló ti sàn jù.

Bó bá ti dára tán, báwo la ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Ẹ máa lò ó. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó, kí gírísì má tún gan. Ẹ yí i kó tó kọrin, kí ẹ dúró bó bá ti ń le, kí ẹ má fi sílẹ̀ ní yíyí mọ́jú. Bí orin bá tán, ẹ jẹ́ kó tú títí yóò fi dúró. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lóṣù la máa ń lo tiwa, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìyá mi ló ń yan àwo, èmi ló ń yí i, àbúrò mi obìnrin ló ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ó sì ń sọ èyí tó ti lò sínú agolo mílíìkì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.